Túnà Olójú Mẹ́rin

Ẹgbẹ́dá, Èkó.
9 Oṣù Kejì, 2014

Abdulganiyy, Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Leeds níbẹ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ahmed ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Àwa náà wà bẹ́ẹ̀. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Alhaji Jàfárù pé kó má lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà? Èmi náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. O ṣáà mọ fóònù ilé wa. Bí mo bá ti ní, "Ganiyu, báwo ni?" bàbá rẹ á ní kí n fi sí sípíkà kí òun náà gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti sípíkà. Ọmọ Alhaja Nùsírátù aládùúgbò wa tó ń padà sí London ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní ṣíṣí, sọ fún mi.

Nígbà tí o wálé lọ́dún tó kọjá, o sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà kan wà nílé rẹ tó ń tọ́jú fíìmù àti ètò tẹlifíṣọ̀n, tí ẹni tó wà ní pálọ̀ àti ẹni tó wà ní yàrá lè máa wo nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú rẹ̀. O ní àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní túnà ló ń gba ètò látòkè, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n tèmi gbọ́dọ̀ lè gba ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ kí n lè wò ó nígbà tó bá wù mí. Sọ́ńdè ni mo nílò rẹ̀ jù.

Má béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bí bàbá rẹ bá sì béèrè, sọ fún un pé ẹ̀bùn ni o fẹ́ fún wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù


Leeds.
2 Oṣù Kẹta, 2014

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ahmed ti gbádùn, ó ń kí ìyá àgbà. Lẹ́tà yín dé ní lílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ẹ ní kí n má béèrè, ṣùgbọ́n ẹ dákun, màá béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo fíìmù parí kí oorun tó gbé yín lọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ṣe lẹ́ẹ̀kan náà? Èmi gan-an tí mo fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí, méjì ni mò ń lò. Ta ló sọ fún yín nípa mẹ́rin? Mo gbọ́ pé àwọn kan ní Ìkọ̀tún ń ṣílé tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti wo bọ́ọ̀lù. Bí irú wọn bá wá bá yín pé kí ẹ ní kí ọmọ yín tó wà nílùú òyìnbó bá wọn ra ẹ̀rọ, ẹ lé wọn jáde jàre. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa wá bá.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé rárá fún yín. Oríṣi túnà méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ń lo antẹ́nà lásán, èkejì ń lo díìsì. Ti antẹ́nà ni mo mú fún yín, nítorí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé. Olójú méjì ni: ojú kọ̀ọ̀kan ń gba ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Mo ti kó o sínú ẹrù tó ń bọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa wáyà kó bá yín so ó.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí wọ́n bá béèrè, màá sọ pé ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn o.

Ọmọ yín,
Abdulganiyy


Ẹgbẹ́dá.
20 Oṣù Kẹrin, 2014

Abdulganiyy,

A dúpẹ́ pé ẹ wà dáadáa. Ẹrù dé.

Mo pe Adéolú, ọkùnrin tó ń to díìsì fún gbogbo àdúgbò láti ibi títí dé Ìdímù. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Ó gun àga, ó na antẹ́nà síta láti ojú fèrèsé. Kò sí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó wọlé. Ó wá jókòó, ó ní, "Màmá, àpótí yìí kò bàjẹ́ o. Irú ohun tó mọ̀ ọ́n gbà ni kò sí lókè wa. Ti tuntun ló ń gbọ́, ti àtijọ́ ṣì ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde ní Èkó."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó. Mo ní mẹ́rin, o ra méjì. O mọ̀ pé díìsì wà lórí òrùlé wa, ìwọ fúnra rẹ lo dúró sábẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá tí o ní ó ti ń dípẹtà. O ra ti antẹ́nà. Ìwọ tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ, o ra èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ fún mi.

Bi ara rẹ ohun tí màá rò. Ṣé bàbá rẹ ti bá ọ sọ̀rọ̀ ni? Ṣé ẹ jọ gbìmọ̀ pé kí ẹ fi ìyẹn tàn mí kí n dákẹ́? Bí o kò bá fẹ́ ṣe é, sọ pé o kò ṣe. Màá wá ọ̀nà míì. Ohun tí mò ń wá kò lè dúró de ẹ̀yin méjèèjì.

Ìyá rẹ


Leeds.
11 Oṣù Karùn-ún, 2014

Màámi mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fi gbogbo ara dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ohunkóhun, Bàbá kò tilẹ̀ mọ̀ pé túnà wà. Àṣìṣe tèmi ni. Ó ti pẹ́ tí ìlú yìí ti pa ti àtijọ́ tì, mo sì gbàgbé pé Èkó kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó rà á. Òótọ́ ni Adéolú sọ.

Mo ti ra òmíràn. Ti díìsì ni, olójú mẹ́rin, bí ẹ ṣe fẹ́. Alhaja Nùsírátù tó wá wo ọmọ rẹ̀ ní London ló máa gbé e wálé fún yín. Ẹ ní kí Adéolú yọ ohun tó wà lẹ́nu díìsì, kó fi èyí tí mo kó mọ́ ọn sí i. Ẹnu mẹ́rin ló ní, wáyà mẹ́rin ló máa bọ́ sínú túnà. Wáyà karùn-ún á lọ láti túnà sí ara módẹ́ẹ̀mù íńtánẹ́ẹ̀tì yín, kọ̀ǹpútà náà á wà lára módẹ́ẹ̀mù yẹn. Kó so gbogbo rẹ̀ mọ́ ínfátà, kó má baà kú bí iná bá lọ. Ìyókù, èmi á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti ibí, màá tò ó.

Ṣùgbọ́n Màámi, kí ni Bàbá kò gbọ́dọ̀ mọ̀? Ẹ ní ẹ̀ ń wá nǹkan kan. Kí lẹ̀ ń wá nínú tẹlifíṣọ̀n?

Ọmọ yín,
Abdulganiyy


Ẹgbẹ́dá.
29 Oṣù Kẹfà, 2014

Sí Abdulganiyy,

Assalaamu alaykum. A ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ níbí. Kí Ọlọ́run gba ti gbogbo wa.

Èmi kì í kọ lẹ́tà, o mọ̀. Nígbà tí o bá sì rí i tí bàbá rẹ jókòó kọ ọ́, kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Láti ìgbà tí àpótí tí o fi ránṣẹ́ ti wọ ilé yìí, ìyá rẹ ti yí padà. Bó bá ti di ọ̀sán Mọ́ńdè, á ti ilẹ̀kùn yàrá, á ti íápíìsì bọ etí, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ilẹ̀kùn wọlé lójijì. Kíá ló tẹ rìmóòtù, ìròyìn jáde. Ìyá rẹ tí mo fẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ràn ìròyìn? Mo bi í pé, "Kí lò ń wò?" Ó ní, "Ìròyìn ni." Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ?" Kò lè sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, íápíìsì yẹn yọ lára tẹlifíṣọ̀n, kò sì mọ̀. Mo wà ní pálọ̀. Orin ni mo gbọ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ọmọ kan ti gba ọ̀nà yẹn jáde nílé yìí. Ó tẹ̀ lé onídùùrù lọ. Mo dúró ní mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo jàmáà, mo sọ pé n kò ní ọmọ obìnrin mọ́, mo sì ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ níwájú mi. Bó bá jẹ́ pé ìyá rẹ ni wọ́n fẹ́ fà báyìí, inú ilé mi, nínú oṣù Ràmàdáánì, èmi kò ní gbà.

Ìwọ lo fi àpótí ránṣẹ́. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ ọ́ sí mi, má fi sí orí fóònù, má sì jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀.

Bàbá rẹ,
Alhaji Jàfárù


Leeds.
13 Oṣù Keje, 2014

Màámi mi,

Mo kí yín kú ààwẹ̀.

Bàbá kọ lẹ́tà sí mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún yín. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń wò ní ìkọ̀kọ̀.

N kò fẹ́ gbà á gbọ́. Mo wọ inú kọ̀ǹpútà náà, mo ṣí àwọn ohun tí ẹ ní kó máa fi pamọ́. Ìsìn ni mo rí. Mo ṣí òmíràn, ìsìn ni. Mo ṣí òmíràn, pásítọ̀ ń gbàdúrà. Gbogbo Sọ́ńdè láti ìgbà tí mo ti tò ó, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí fíìmù, kò sí ìròyìn, kò sí wáàsí kan ṣoṣo.

Màámi, ṣé ẹ ti yí ẹ̀sìn padà ni? Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá mi ṣì lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ yìí, èmi ni Bàbá máa dá lẹ́bi. N kò tíì dá wọn lóhùn, n kò sì mọ ohun tí màá sọ.

Ọmọ yín,
Abdulganiyy


Ẹgbẹ́dá.
27 Oṣù Keje, 2014

Àkànbí,

Ọ̀la ni a máa kírun ọdún. Mo ti ṣe ìrun mi, mo gba ààwẹ̀ mi pé. N kò yí ẹ̀sìn kankan padà.

Zulaihat ni mò ń wá.

Nínú oṣù kìíní ọdún yìí, Sọ́ńdè ni, mò ń tẹ rìmóòtù lọ tẹ rìmóòtù bọ̀, mò ń wá ètò oúnjẹ kan. Mo kọjá lórí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Àwọn akọrin ń kọrin. Mo ti tẹ̀ ẹ́ kọjá kí n tó mọ ohun tí mo rí. Mo yára tẹ̀ ẹ́ padà. Àbúrò rẹ ni, Ganiyu. Ó dúró ní ìlà kejì, ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, ó ti sanra díẹ̀, ó ń kọrin. Mo kígbe. Iná lọ. Nígbà tí iná dé, ó ti di ètò míì, n kò sì rántí ṣánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ lórí díìsì yẹn bí o ṣe mọ̀. Orúkọ ìjọ náà kò hàn sí mi.

Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣáà fi hàn mí pé ọmọ yẹn wà láàyè. Ó fi hàn mí tán, NẸ́PÀ mú iná.

Mo ti lọ sí ilé tí Zacchaeus onídùùrù yẹn ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Ìdímù. Wọ́n ní wọ́n ti kó lọ, wọn kò mọ ibi tí wọ́n kó lọ. Tàbí wọ́n mọ̀, tí wọn kò fẹ́ sọ fún mi.

O máa bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ lé e, o pe orí fóònù, ó wà lórí sípíkà, mo sì gbọ́ ọ. O ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ohùn rẹ ni mo gbọ́ yẹn. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ti èmi lo máa ṣe?

Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ó kù sí ọ lọ́wọ́.

Ìyá rẹ


Ẹgbẹ́dá.
31 Oṣù Kẹjọ, 2014

Abdulganiyy,

N kò rí lẹ́tà. Lórí fóònù, "Ẹ kú ilé, ara ń le" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ, bí ìgbà tí àlejò ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lánàá mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo wá ohun tí túnà kó pamọ́. Kò sí nǹkan kan. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo ti kó jọ, tí n kò tíì wò tán, ó ti pa rẹ́. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀. Bàbá rẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ìwọ nìkan lo ń wọ inú rẹ̀ láti ibi tí o wà.

Ṣé o ti sọ fún un? Ó ti ń wò mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ń jẹun, ó ń wò mí. N kò gbọ́ ìbínú, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ mi ni o. Òun náà, ọmọ mi ni. Bó bá jẹ́ pé o pa àwòrán yẹn rẹ́ nítorí bàbá rẹ, má pè mí mọ́ lórí sípíkà. Má pè mí rárá.

Mọ̀dínátù


Leeds.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 2014

Màámi,

Ẹ farabalẹ̀ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Mo rí i. Zulaihat wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó ti bímọ.

Ìparí oṣù Keje ni lẹ́tà yín kúrò lọ́wọ́ yín, ó pẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn ìsìn yẹn, lẹ́yìn iṣẹ́, títí ojú fi ń ro mí. Inú èyí tí ojú kẹta túnà náà gbà ni mo ti rí i. Mo gé ibi tó wà nìkan sọ́tọ̀, kékeré ni, mo fi í pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín síbi tí tẹlifíṣọ̀n yín kò ní fi hàn, kí n lè gbé e wá sí ọ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ dájú kí n tó sọ fún yín.

Nọ́ńbà fóònù ìjọ náà kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Mo pè é, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un ní fóònù. Mo ní, "Zulaihat, Ẹ̀gbọ́n Ganiyu ni."  Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ wá mi?" Mo ní Màámi ni. Ó ní, "Irọ́ ni. Bàbá ló rán yín. Màámi ni wọ́n fẹ́ fi mú mi." Mo búra fún un. Ó ní òun náà gbọ́ ohun tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, pé òun wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. 

Ó ní bí mo bá sọ ibi tí òun wà fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, àwọn á tún kó lọ. Ìdí tí n kò fi kọ̀wé nìyẹn. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ pé kó jẹ́ kí n fún yín ní nọ́ńbà òun nìkan. Kò tíì gbà. Ẹ má fipá mú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìparẹ́ yìí, èmi kọ́ o. Mo wọ inú kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn lẹ́tà yín. Kì í ṣe pé wọ́n pa nǹkan rẹ́. Dísíìkì tó ń tọ́jú wọn ni kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan fi ọwọ́ yọ ọ́. N kò lè ti Leeds yọ nǹkan.

Màámi, ta ló wọ yàrá yẹn?

Abdulganiyy


Ẹgbẹ́dá.
6 Oṣù Kẹwàá, 2014

Sí Abdulganiyy,

Assalaamu alaykum. A ti pa ẹran ọdún Iléyá.

O kò dá mi lóhùn. Mo bi ọ́ léèrè nínú oṣù Ràmàdáánì, o dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ìyá rẹ lo yàn. Nítorí náà mo ṣe tèmi.

Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ lọ gbé yunifọ́ọ̀mù fún iléèwé kan ní Ìgàndò, mo pe Adéolú wá. Mo ní, "Ṣí inú kọ̀ǹpútà yìí fún mi. Fi gbogbo ohun tí obìnrin yìí ń wò hàn mí." Kò fẹ́ ṣe é. Mo ní èmi ni mo ni ilé. Ó ṣí i. Gígùn ni gbogbo wọn, àfi ọ̀kan tó kúrú. Ọkàn mi sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi nìyẹn. Mo ní kó ṣí èyí tó kúrú. Mo rò pé pásítọ̀ ìyá rẹ ni mo máa rí.

Èmi àti Adéolú la jọ rí ọmọ náà. Adéolú kò mọ ẹni tó jẹ́. 

Kì í ṣe ayọ̀ ló kọ́kọ́ bá mi, màá sọ òótọ́ fún ọ. Ohun tí mo rò ni pé ìyá rẹ ti ń lọ bá a tipẹ́, pé ìwọ mọ̀, pé èmi nìkan lẹ sọ di òmùgọ̀. Mo ní kí Adéolú yọ ohun tó ń tọ́jú àwòrán náà fún mi. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá mi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń gbé kiri, mo wò ó láàárín pákó àti èérún igi. Mo ń wá ìyá rẹ láàárín èrò ṣọ́ọ̀ṣì náà, bóyá mo máa rí i níbi tó jókòó sí. N kò rí i. Ibi tí mo ti ń wá ìyá rẹ ni mo ti ń rí ọmọ yẹn ṣáá. Lẹ́yìn àwọn akọrin, wọ́n kọ orúkọ ìjọ sára ògiri, wọ́n kọ Abúlé Ẹ̀gbá sábẹ̀ rẹ̀.

Abúlé Ẹ̀gbá, Ganiyu. Mo ti lọ ra pákó níbẹ̀ láìmọye ìgbà láti ìgbà tó ti lọ.

Mo lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. N kò wọlé. Mo dúró sí òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ rí mi. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí mi. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, ta ló bá yín wá?"

Mo ní, "Èmi nìkan ni."

Ó ní, "Kí lẹ wá ṣe?"

 Zacchaeus ti dé, ó ti bọ́ sáàárín wa, ó dúró. Mo bi ọmọ yẹn pé, kí lorúkọ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò tíì lè sọ fún yín."

Ọmọ tí mo bí kò lè sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún mi, torí kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi orúkọ náà ṣe. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Mo ní, "Máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ ń wá ọ."

Ó ní, "Ilé wo? Mọ́ṣáláṣí lẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹ kò ní ọmọ obìnrin. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí n wà níbi tí mo wà."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.

N kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Bí mo bá sọ fún un tí n kò sì lè ṣe ohun tí ọmọ náà ní kí n ṣe, kí ni màá wí? Mo kàn ń wò ó nígbà tí mo bá ń jẹun. Ó rò pé mò ń ṣọ́ ọ. Má sọ fún un.

Bàbá rẹ,
Jàfárù


Ẹgbẹ́dá.
28 Oṣù Kẹwàá, 2014

Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé ẹ wà? Ahmed ńkọ́?

Màá bá ọ jà kí n tó sọ ìròyìn. Ìwọ rí àbúrò rẹ, o kò sọ fún mi fún odindi oṣù kan. Bàbá rẹ rí i, ó dúró tì í, ó bá a sọ̀rọ̀, ó wá sílé wá jẹ iyán mi, kò wí nǹkan kan. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwá yìí ni mo mọ̀ gbẹ̀yìn. Mo ti gbọ́ àwíjàre ẹ̀yin méjèèjì. Inú ṣì ń bí mi.

Jímọ̀ tó kọjá lọ, mo wà nídìí iṣẹ́ ni Alhaja Nùsírátù sáré wọlé, gèlè lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Ganiyu, ṣé o gbọ́ ohun tí Alhaji sọ?"  Mo rò pé ó ti tún lọ ṣépè fún ẹnì kan ni.

Ó ní lẹ́yìn ìrun ni Alhaji dìde, ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé n kò ní ọmọ obìnrin. Irọ́ ni mo pa. Mo ní. Zulaihat lorúkọ rẹ̀." Ariwo sọ. Ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn pé, "Alhaji, ṣé ó ti padà sínú ẹ̀sìn ni?" Ó ní, "N kò bi í. Ìgbà tó bá gbà láti bá mi jókòó, bóyá màá bi í." Àwọn kan jáde kó tó jókòó. Ó jókòó.

Nígbà tó wálé, n kò jẹ́ kó bọ́ bàtà. Mo ní, "Níbo ni ọmọ mi wà?" Ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo sunkún, mo bú u, mo tún sunkún.

Ó rán Adéolú sí i. Sátidé ni Zulaihat wá. Ó dúró sẹ́nu géètì, kò wọlé. Zacchaeus jókòó sínú kẹ̀kẹ́ níta, wọn kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: wọ́n fẹ́ lè tètè sá. Èmi ni mo jáde lọ fà á lọ́wọ́. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Màámi, ẹ má fi èmi àti wọn nìkan sílẹ̀ o." Mo ní n kò ní fi ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀.  Zulaihat kúnlẹ̀ kí i láti òkèèrè, ó jókòó síbi tó súnmọ́ ilẹ̀kùn jù. Mo gbé oúnjẹ wá, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà ni kò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Ó rìn lọ bá bàbá rẹ, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ń fà á. Bàbá rẹ bojú wo Zulaihat kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Ó ní, "Ṣé mo lè gbé e?" Jàfárù tí mo mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò gbọ́ kó tọrọ àyè rí lọ́wọ́ ọmọ tó bí.

Zulaihat ní, "Tòún lorúkọ rẹ̀."

 Lẹ́yìn ìyẹn ló bu oúnjẹ jẹ díẹ̀, ó sì ní kí Zacchaeus wọlé wá mu omi. Wọ́n pa kẹ̀kẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá rẹ fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn sìn wọ́n dé títì. Ó padà wá, ó ní, "Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Jímọ̀." Mo ní, "Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, àbí ìwọ lo sọ ọ́ fún un?"  Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá iwájú ilé. N kò rí ọkùnrin yẹn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rí láyé mi.

Torí náà n kò tíì gbà gbọ́. N kò ní lẹ lẹ́tà yìí pa títí Jímọ̀ á fi kọjá, kí n má baà kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sí ọ.

Jímọ̀, 31 Oṣù Kẹwàá. Ó ti dé. Bàbá rẹ ti kírun tán, ó gbé Tòún kọ́rùn níta, ó ń bá àwọn tó ń kọjá sọ̀rọ̀. Mo bi Zulaihat pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà, kí n lè tètè se oúnjẹ. Ó fi àpò kan hàn mí. Aṣọ oorun ọmọ ló kó sínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má kánjú, Màámi."

Ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù